Ta Ni Ó Mú Òṣùwọ̀n Dání? Ìṣelámèyítọ́ Ìpèsè Ilé àti Ìtọ́jú ní Etíkun Ìlàjẹ

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn tí ó ń pèsè ilé àti ìtọ́jú fún àwọn ará etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gbà díwọ̀n àǹfààní tí iṣẹ́ wọn ń ṣe fún àwùjọ. Àwọn tí a yẹ̀ wò ni ìlú Ayétòrò fúnra rẹ̀, àjọ OSOPADEC, àjọ NDDC, àpò owó tí Òfin Iṣẹ́ Epo Rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, àti ètò Abíyè. Àkíyèsí tí ó jẹ yọ ni pé ohun tí ó rọrùn láti kà ni ọ̀pọ̀ olùpèsè ń kà, ìyẹn owó tí a ná àti ilé tí a kọ́, nígbà tí ohun tí ó kù sọ́wọ́ olùgbé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kì í wọ inú ìwé. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé àìtó owó nìkan kọ́ ni ìṣòro etíkun náà. Ẹni tí ó mú òṣùwọ̀n dání ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ó gbà wá nímọ̀ràn pé kí òṣùwọ̀n wà ní gbangba, kí ó wà ní èdè tí olùgbé gbọ́, kí olùgbé sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ iṣẹ́ tí kò bá kún òṣùwọ̀n.

1.0 Ìfáárà

Ilé wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn gbòòrò gan-an nínú èdè Yorùbá. Nígbà tí ẹnì kan bá kí ẹnì kejì pé "Ilé ńkọ́?", ìdáhùn tí ó máa ń gbà ni pé "Wọ́n wà, a dúpẹ́." Ẹni tí ó dáhùn kò sọ pé "ó wà", bí ẹni pé igi àti páànù ni a béèrè. "Wọ́n" ni ó lò, nítorí pé àwọn ènìyàn inú ilé ni ìbéèrè náà dá lé lórí: ṣé wọ́n rí jẹ, ṣé ara wọn le, ṣé ẹni tí ó ń ṣàìsàn láàrin wọn rí ẹni dúró tì í? Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kékeré yìí ti sọ ohun tí ó yẹ kí a máa wò bí a bá fẹ́ mọ àǹfààní tí ilé kan ń ṣe.

Ní etíkun Ìlàjẹ, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti Ìgbókòdá, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, títí dé Òkun Àtìláńtíìkì, omi ni ó pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni ó pọ̀ jù ní bèbè òkun náà. Yanrìn tí ó máa ń gba agbára ìgbì ní àwọn etíkun mìíràn kò pọ̀ níbẹ̀. Orí òpó igi ni wọ́n máa ń kọ́ ilé sí, ọ̀pọ̀ jẹ́ ilé onípákó tàbí ilé tí a fi ọ̀pá àti imọ̀ ògùrọ̀ ṣe, afárá pákó ni ó sì so ojúlé kan mọ́ èkejì. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni ó ń gbé òkú bọ̀. Níbi tí nǹkan bá ti rí báyìí, kò sí bí a ṣe lè ya ọ̀rọ̀ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ilé tí kò ní afárá tí ó dára ti sọ arúgbó inú rẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Ilé ìwòsàn tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kò yàtọ̀ sí èyí tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, oríṣiríṣi olùpèsè ni ó ti gba etíkun yìí kọjá. Èrèdí àpilẹ̀kọ yìí ni láti wo òṣùwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú wá, ohun tí òṣùwọ̀n náà rí, àti ohun tí ó fojú fò dá.

2.0 Òṣùwọ̀n nínú ìmọ̀ Yorùbá: kóńgò àti èénì

Kí a tó yẹ iṣẹ́ àwọn olùpèsè wò, ó yẹ kí a mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́ lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà. Ohun mẹ́ta ni ó mú kí kóńgò jẹ́ òṣùwọ̀n òdodo. Èkíní, ojú ọlọ́jà àti ojú oníbàárà ni ó jọ wà lára rẹ̀. Èkejì, oníbàárà lè bá ọlọ́jà wí: bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kóńgò wọnú, kò ní pẹ́ tí ojú yóò fi tó o, yóò sì kọ ọjà náà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, èénì wà, ìyẹn ohun tí ọlọ́jà fi lé e lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n ti kún, èyí tí ó fi hàn pé àjọṣe tí ó wà láàrin wọn ju ti owó lọ.

Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ òde òní ń pè ní àǹfààní àwùjọ sún mọ́ èénì yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni rere tí iṣẹ́ kan ṣe fún ìgbésí ayé àwọn ènìyàn agbègbè kan, yàtọ̀ sí ọjà tàbí ilé tí a dìídì sanwó fún. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọ́ ilé ogún, ilé ogún ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni ó kọ́ ilé náà, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ iṣẹ́ káfíńtà, tí àwọn opó sì rí ibi forí pa mọ́ sí, ìyẹn ni àǹfààní àwùjọ. Bí a bá fi àbùdá kóńgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni a óò máa bi olùpèsè kọ̀ọ̀kan: ṣé olùgbé rí òṣùwọ̀n náà, ṣé ó lè bá a jiyàn, ṣé ohun kan sì kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí olùpèsè bá ti lọ?

3.0 Ayétòrò: ìlú tí ó jẹ́ olùpèsè fún ara rẹ̀

Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí wọ́n ti fojú winá inúnibíni ní agbègbè Ìlàjẹ nítorí pé wọ́n tako àwọn àṣà bíi pípa ìbejì, tẹ Ayétòrò dó sí bèbè òkun. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà pé ohun gbogbo yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹja tí apẹja pa, aṣọ tí ahunṣọ hun, ọkọ̀ tí agbẹ́kọ̀ọ́ gbẹ́, inú àpò ìlú ni èrè gbogbo wọn ń lọ. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó oṣù. Ìlú ni ó ń bọ́ wọn, òun ni ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, òun ni ó ń kọ́lé fún wọn, òun ni ó sì ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó.

Àbájáde rẹ̀ yani lẹ́nu. Láàrin ogún ọdún, ìlú tí a kọ́ sórí ẹrẹ̀ ti ní ọ̀nà onípákó tí ó gún régé, ilé ìwé, ilé iṣẹ́ aṣọ, ti bàtà àti ti búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, àti iná mànàmáná láti inú ẹ̀rọ tiwọn ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní orí ilẹ̀ gbígbẹ kò tíì ní. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ayétòrò mú òwe náà kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sọ ọ́ di ọ̀nà ìṣàkóso.

Òṣùwọ̀n wo ni Ayétòrò lò? Kò sí ìròyìn ọdọọdún tí ó kún fún iye owó. Ìbéèrè tí ó rọ̀ mọ́ ètò wọn ni pé: ǹjẹ́ ẹnì kan wà láàrin wa tí kò jẹun, tí kò ní ilé, tí kò sì ní iṣẹ́? Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n kò tíì kún. Òṣùwọ̀n yìí ga, nítorí pé ẹni tí ó kẹ́yìn ni ó ń kọ́kọ́ wò. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó sì wà lára rẹ̀, nítorí pé afárá kan náà ni gbogbo wọn ń rìn.

Àmọ́ lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ torí iyì yìí fi àbùkù pa mọ́. Òṣùwọ̀n Ayétòrò wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣáájú nìkan ni ó wà. Fún ìgbà kan, apá ibi tí àwọn ọkùnrin ń gbé yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti títọ́ ọmọ sì di ohun tí ìlú ń pàṣẹ lé lórí. Ẹni tí ó bá yó, tí ó ní aṣọ, tí ó sì ní ilé, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ yan ọ̀nà tirẹ̀, kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ sí, nítorí pé òṣùwọ̀n ìlú kò ní àyè fún irú àìní bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n gba oníkálukú láyè láti ṣe òwò tirẹ̀, ètò àjùmọ̀ní náà tú. Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta wa wò ó, Ayétòrò yege nínú èkíní àti ẹ̀kẹta, ó sì fìdí rẹmi nínú èkejì: olùgbé rí òṣùwọ̀n, ohun tí ó pọ̀ kù sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá a jiyàn.

4.0 Olówó àti Talika: òṣùwọ̀n onímọ̀

Onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, Stanley Barrett, ọmọ Kánádà, ni ó kọ iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lórí ìlú yìí. Ìwé rẹ̀ méjì, Two Villages on Stilts tí ó jáde ní 1974 àti The Rise and Fall of an African Utopia tí ó jáde ní 1977, fi ìlú náà wéra pẹ̀lú abúlé kan tí ó wà nítòsí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn onímọ̀ ìgbà náà, ó fi orúkọ gidi pa mọ́. Ó pe Ayétòrò ní Olówó, ó sì pe èkejì ní Talika.

Iṣẹ́ ribiribi ni Barrett ṣe. Ó béèrè ìdí tí ìlú kan fi là nígbà tí èkejì, tí omi àti ẹrẹ̀ kan náà yí ká, kò là. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ètò àjùmọ̀ní ni ó ṣiṣẹ́ jù, ju ẹ̀sìn lọ. Síbẹ̀, orúkọ méjèèjì tí ó yàn fún wọn yẹ ní àkíyèsí. Olówó ni ẹni tí ó ní owó. Talika kò sì jìnnà sí tálákà. Kí òǹkàwé tó ṣí ojú ewé kejì, òṣùwọ̀n ti dúró: owó ni a ó fi wọn ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ará ìlú fi pe ara wọn ni Ayétòrò, ayé tí ó tòrò, tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìjà kò sí níbẹ̀. Àlàáfíà ni àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó gbé sórí òṣùwọ̀n, nítorí pé inúnibíni ni wọ́n sá fún. Owó dé lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí èénì. Onímọ̀ tí ó wá láti òkèèrè sọ èénì di ọjà, ó sì sọ ọjà di èénì. Yorùbá ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àṣìṣe yìí kò kéré, nítorí pé àwọn olùpèsè tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe irú rẹ̀, tiwọn sì la ẹ̀mí lọ.

5.0 Òṣùwọ̀n ìjọba àti ti epo rọ̀bì

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ó kéré tán, ìpín 13 nínú 100 owó tí ó ti ara ohun àlùmọ́ọ́nì wá gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí ó ti jáde. Ní 2000 ni a dá àjọ NDDC sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè Niger Delta. Ní 2001, Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá àjọ OSOPADEC sílẹ̀ láti máa fi ìpín 40 nínú 100 owó ìpín 13 yẹn ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè fún Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n a ó ṣàkíyèsí pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpín owó ni òfin sọ. Kò sọ ìpín àlàáfíà. Ohun tí a bá fi òfin kà ni òṣìṣẹ́ ìjọba yóò kà.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ti ààbò etíkun Ayétòrò. Òkun ti ń jẹ ìlú náà láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti gbé ilé ìtọ́jú, ilé ìwé, ibi ìsìnkú àti ojúlé tí kò níye lọ. Ilé ìjọsìn tí í ṣe ọkàn ìlú pàápàá ti ní láti sá fún omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ààbò etíkun náà fún agbaṣẹ́ṣe. Títí di 2024, ogún ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ààbò tí ó dá omi dúró; àwọn ará ìlú ṣì ń ké pe ìjọba. Lórí òṣùwọ̀n ìwé, iṣẹ́ kan ti wà láti 2004: ó ní orúkọ, ó ní iye owó, ó ní ẹni tí a gbé e fún. Lórí òṣùwọ̀n olùgbé, kò sí nǹkan kan. Òṣùwọ̀n méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òótọ́ bí a bá gbà pé iṣẹ́ tí a ṣe fún ènìyàn ni a ń wọ̀n.

Òfin Iṣẹ́ Epo Rọ̀bì ti ọdún 2021 gbìyànjú láti ṣàtúnṣe. Ó pa á láṣẹ pé kí iléeṣẹ́ epo máa ya ìpín 3 nínú 100 owó tí ó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá sọ́tọ̀ sínú àpò kan fún àwọn ìlú tí iṣẹ́ náà kàn, kí a sì kọ́kọ́ wádìí àìní wọn kí a tó ṣe ètò. Wíwádìí àìní jẹ́ ìtẹ̀síwájú gidi, nítorí pé ó bi olùgbé léèrè. Ṣùgbọ́n òfin kan náà pín owó yẹn báyìí: ìpín 75 nínú 100 fún iṣẹ́ àgbékalẹ̀ ńlá, ìpín 20 fún ìpamọ́, ìpín 5 ó pẹ́ tán fún ìṣàkóso. Ibo ni owó oṣù agbẹ̀bí wà nínú ìpín yìí? Ibo ni epo tí ọkọ̀ ojú omi yóò fi gbé aláìsàn lóru wà? Ilé ìwòsàn tuntun bá ìpín 75 mu dáadáa. Nọ́ọ̀sì tí yóò sùn sínú rẹ̀ ni kò rí àyè. Báyìí ni òfin tí ó fẹ́ ṣe ìtọ́jú fi tẹ̀ sí ìhà ìkọ́lé, nítorí pé ilé ṣeé yà ní fọ́tò, a kò sì lè ya fọ́tò ọkàn tí ó balẹ̀.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Òfin náà sọ pé bí a bá ba ohun èlò epo jẹ́ ní agbègbè kan, tàbí tí rògbòdìyàn dá iṣẹ́ dúró, iye tí a fi tún un ṣe ni a ó yọ kúrò nínú owó ìlú náà. Ìyá arúgbó tí kò mọ ibi tí ọ̀pá epo gbà kọjá yóò tipa bẹ́ẹ̀ san gbèsè ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí ẹnì kan bá jalè lọ́jà, a kì í torí ìyẹn tẹ ìdí kóńgò wọnú fún gbogbo oníbàárà.

6.0 Abíyè: òṣùwọ̀n ìdádúró

Kì í ṣe gbogbo òṣùwọ̀n ìjọba ni ó kùnà. Ní 2009, ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ láti dín ikú aboyún kù. Ohun tí ó ya ètò yìí sọ́tọ̀ ni ohun tí ó yàn láti wọ̀n. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ilé ìwòsàn. Ìdádúró mẹ́rin ni ó gbé síwájú: ìdádúró kí aboyún tó pinnu láti lọ gba ìtọ́jú, ìdádúró kí ó tó dé ibẹ̀, ìdádúró kí wọ́n tó dá a lóhùn nígbà tí ó bá dé, àti ìdádúró kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tí agbára rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń tọ àwọn aboyún lọ nílé, a sì fún aboyún ní fóònù kí ó lè pè wọ́n.

Bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wò ó, òṣùwọ̀n yìí sún mọ́ kóńgò ju àwọn tí a ti mẹ́nu bà lọ. Aboyún fúnra rẹ̀ mọ iye wákàtí tí ó fi dúró. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè sọ fún un pé kò dúró. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti dán an wò. Ní Ìlàjẹ, ìdádúró kejì kò ṣeé fi kìlómítà wọ̀n. Omi tí ó fà sẹ́yìn lè mú kí ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìjì lè dí ọ̀nà òkun. Àìsí epo bẹntiróòlù tàbí ẹ̀rù àwọn olè orí omi lè mú kí awakọ̀ kọ̀ láti gbéra lóru. Abúlé kan lè wà ní ìtòsí ilé ìwòsàn lórí àwòrán ilẹ̀, kí ó sì jìnnà sí i ní ìrìn àjò. Ẹ̀kọ́ tí Abíyè kọ́ wa ni pé wákàtí olùgbé ni ó yẹ kí a kà. Ẹ̀kọ́ tí etíkun fi kún un ni pé aago omi ni a ó fi kà á.

7.0 Àwòkọ́ṣe òkèèrè àti àtakò tí ó lè wáyé

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ní 2012, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ síta máa ro àǹfààní àwùjọ mọ́ ọn. Ní 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2014, HACT, àjọ kan tí ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ olùpèsè ilé ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbé àkójọ kan jáde tí ó fi iye pọ́n-ùn sí ìyípadà inú ayé olùgbé: kí ènìyàn rí iṣẹ́, kí ìbànújẹ́ ọkàn kúrò, kí ó gbà pé ayé òun wà ní ìkáwọ́ òun. Ohun rere tí ó wà níbẹ̀ ni pé láti inú ohun tí àwọn ènìyàn fúnra wọn sọ nípa ayé wọn ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ni ó padà já sí, ẹni tí ó sì mọ ìṣirò nìkan ni ó lè bá a jiyàn.

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá fi òṣùwọ̀n sọ́wọ́ olùgbé, yóò sọ àsọdùn kí ó lè gba púpọ̀ sí i, àti pé láìsí iye owó, a kò ní lè fi iṣẹ́ kan wé èkejì. Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba tí ó ní owó díẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ ná an. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà. Ẹni tí ó ń san owó lè sọ àsọdùn bí ẹni tí ó ń gbà á. Iṣẹ́ tí ó pé ogún ọdún lórí ìwé láìsí lórí omi ti fi èyí hàn. Ohun tí ó ń dá àsọdùn dúró ni pé kí ojú méjì jọ wà lára òṣùwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má ka owó. Ohun tí a sọ ni pé kí a má ka owó nìkan.

8.0 Ohun tí ó yẹ kí a máa wọ̀n

Nínú ohun tí a ti yẹ̀ wò, ìlànà mẹ́rin ni ó jẹ yọ. Èkíní ni ti àkókò. Ọjọ́ tí a ṣí ilé kọ́ ni ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Ní etíkun tí òkun ń jẹ, kí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò ọdún mẹ́ta, kí a wò bóyá ó dúró, bóyá ènìyàn sì wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni ti àwọn tí ó ti lọ. Ẹni tí òkun lé kúrò nílé, tí ó ti di ayálégbé ní Ìgbókòdá tàbí ní Èkó, kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ìlú bá ṣe ń ṣófo sí i ni iye àwọn aláìní inú rẹ̀ lórí ìwé yóò máa dín kù, bí ẹni pé ìtọ́jú ni ó dé bá wọn. Òṣùwọ̀n tí ń kún nítorí pé àwọn olùgbé ń sá lọ kì í ṣe òṣùwọ̀n àǹfààní. Orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé títí wọn yóò fi rí ibùgbé tí ó tọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti ọwọ́ tí ń tọ́jú. Ká kà á bóyá agbẹ̀bí ń sùn sí ìlú lóru, bóyá ọkọ̀ ní epo, bóyá oògùn wà, kí owó oṣù àti owó epo sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ètò, kí ó má jẹ́ àjẹkù ìkọ́lé.

Ẹ̀kẹrin ni ti èdè. Ìròyìn iṣẹ́ tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sì tọ́jú sí Àkúrẹ́ tàbí Port Harcourt kì í ṣe ìjíhìn fún apẹja Awóyè tàbí obìnrin tí ó ń yan ẹja ní Ayétòrò. Kí a máa kà á sókè ní ìpàdé ìlú, ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ, ní àsìkò tí àwọn obìnrin bá ti kúrò nídìí ẹja tí àwọn ọkùnrin sì ti bọ̀ láti òkun. Kí ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé iṣẹ́ yìí kò kún, kí a má sì san owó tí ó kù fún agbaṣẹ́ṣe títí yóò fi kún. Níbi yìí ni àwọn tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti ní iṣẹ́ láti ṣe, nítorí pé títúmọ̀ ìwé ìṣirò sí èdè tí ìyá àgbà gbọ́ nílò ẹni tí ó mọ èdè náà dénú.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé olùpèsè kọ̀ọ̀kan tí ó dé etíkun Ìlàjẹ ni ó mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá. Ayétòrò wọn ìyà ẹni tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò gba àríyànjiyàn. Barrett wọn owó níbi tí ìlú ti wọn àlàáfíà. OSOPADEC àti NDDC jogún òfin tí ó ń ka ìpín owó. Òfin ọdún 2021 béèrè àìní, ó sì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó sí ìkọ́lé. Abíyè ka wákàtí, ó sì sún mọ́ òdodo jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni a ti ṣe aago rẹ̀.

Òkun kò dúró de àríyànjiyàn. Ojúlé tí ó wà lẹ́bàá omi lónìí lè má sí níbẹ̀ nígbà tí ìgbì bá tún dìde. Bí òṣùwọ̀n kò bá kúrò lọ́wọ́ olùpèsè nìkan, ọjọ́ kan yóò dé tí ìwé yóò kún fún iṣẹ́ tí a ṣe fún Ayétòrò, tí a ó sì wá béèrè pé "Ilé ńkọ́?", tí kò ní sí ẹni tí yóò dáhùn pé wọ́n wà.